Orúkọ Ẹṣin

Ìwé náà wúwo bí bíríkì.
Ikán ti tọ́ igun rẹ̀ kan wò,
kò bá a lẹ́nu mu, ó fi í sílẹ̀.
Ìtàn ẹgbẹ́ ọmọ ogun Jámánì kan ni,
àwọn tó wà lókè odò Bẹ́núè
nígbà tí bàbá bàbá mi ṣì nírun lórí.

Èdè Jámánì, ta ló gbọ́ ọ ní Kàdúná?
Málàm Gámbò tó ń ṣọ́ géètì wa ni.
Ilé iṣẹ́ aṣọ ló rán an lọ sọ́hùn-ún láyé ọjọ́un,
kó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún ẹ̀rọ ìhunṣọ ṣe.
Ilé iṣẹ́ ti kógbá sílé. Ẹ̀rọ ti dípẹtà.
Èdè nìkan ni kò rí ẹni tà á fún.

Ọyẹ́ mú lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ètè wa là,
àwọn fáìlì ń dún bí ewé gbígbẹ.
Ó fi ìka tọ ìlà, ó ń túmọ̀ rẹ̀ sí mi létí:
ọjọ́ tí wọ́n gbẹ́ kòtò yí òkè Gáruwà ká,
iye ọta ìbọn, iye àpò ìrẹsì,
iye ìgò ọtí tí kò fọ́.
Ibà ṣe ọ̀gá wọn kan;
wọ́n kọ bí ara rẹ̀ ṣe gbóná tó,
láàárọ̀, lálẹ́, fún ọjọ́ mọ́kànlá.

Ó wá kan ẹṣin.
Ẹṣin, lọ́kọ̀ọ̀kan, torúkọ torúkọ:
Lọ́tì, tó ń tiro lẹ́sẹ̀ òsì;
Fíríìdà, tó kọ̀ tí kò wọ odò;
Hánsì, ẹṣin funfun, tí ọta bà lábẹ́ àgbọ̀n,
tí ẹni tó ń gùn ún sunkún lé lórí
bí ẹni tọ́mọ kú fún.
Mẹ́rìnlélógún ni Málàm kà.

Mo ní, àwọn aláàárù ńkọ́?
Ó ṣí ojú ìwé, ó tún ṣí i.
Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́.
"Aláàárù: ẹgbẹ̀ta ó lé díẹ̀."

Ó lé díẹ̀.
Mo bi í pé èló ni díẹ̀.
Ó ní bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyẹn.

Abíọ́nà ni àbúrò bàbá bàbá mi.
Láàárín Ọ̀fà sí Ìlọrin ni ìyá wọn bí i sí,
lábẹ́ igi ẹmì kan tí wọ́n ti gé báyìí.
Obì gbànja ló rù dé Yólà lọ́dún ogun.
Gẹ̀ẹ́sì sọ obì kalẹ̀,
ó gbé àpótí ọta kà á lórí.
Lẹ́bàá Gáruwà, Jámánì mú un,
ó sọ àpótí yẹn kalẹ̀, ó gbé tiẹ̀ kà á.
Òṣùká kò yí padà.

Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ló mú òṣùká náà wálé,
àkísà òfì tí wọ́n ká róbótó,
ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn lára.
Ìyá wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ̀ ọ́.
Orí rẹ̀ ló ń gbé ìkòkò omi mímu rẹ̀ lé
títí ó fi kú.

Òfin ilé wa ni pé a kì í kọ nǹkan sínú ìwé.
Èmi gan-an ni mo máa ń ka òfin náà fún àlejò,
èmi ni mo máa ń gba bírò lọ́wọ́ wọn lẹ́nu ọ̀nà.
Málàm dìde, ó ní òun ń lọ wo géètì,
géètì tó ti fi àgádágodo tì láti aago méjì.
Ó gbàgbé pẹ́ńsù rẹ̀ sórí tábìlì.
Málàm kì í gbàgbé nǹkan.

Mi ò ní sọ ohun tí mo ṣe.
Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ yín bá dé Kàdúná,
ẹ béèrè ìwé tí ikán kọ̀.
Ẹ ṣí i kọjá Hánsì.
Ẹ wo ibi tó ti lé díẹ̀.