Awẹ́ Méjì

Pákó kan náà ni mo là,
igi osùn tó ti gbẹ lórí àjà fún ọdún mẹ́ta
nínú ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi l'Ókè-Àgbò, n'Ìjẹ̀bú-Igbó,
níbi tí ẹ̀rọ ilé ìlagi kì í jẹ́ ká gbọ́ ara wa
àfi tí iná bá lọ.
Mo ṣí i bí ìwé.
Ìlà tó tẹ̀ sọ́tùn-ún lára ọ̀kan
tẹ̀ sósì lára ìkejì,
bí ẹni tó ń wo ara rẹ̀ nínú omi àmù.
Mo fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà kan náà sẹ́yìn wọn
kí wọ́n má baà ṣìnà láàárín àwọn yòókù.

Awẹ́ èèkù ọ̀bẹ kì í dá nìkan wà.
Ohun tí o bá ṣe fún tòsì,
o ti jẹ tọ̀tún ní gbèsè.

Ayùn ló kọ́kọ́ kọjá, ó ń ké bí adìẹ tí wọ́n so lẹ́sẹ̀.
Sánpépà ọgọ́rin tẹ̀ lé e, ọgọ́fà,
òjìlérúgba,
títí dórí irinwó tí kò dún mọ́,
tó kàn ń mí.
Apá mi pupa dé ìgúnpá, imú mi pupa;
ìyàwó mi ní mo dà bí ọmọ ìkókó
tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi osùn pa lára.

Ọ̀gá mi, Ọnàdèkó, a ní, "Di ojú.
Ojú a máa gba ẹ̀bẹ̀. Àtàǹpàkò kì í gbà á."
N óò di ojú, n óò fi ìka tọ ẹ̀gbẹ́ wọn,
n óò sì rí i:
tòsì fi ìnípọn irun kan sanra ju tọ̀tún lọ.
Ó di ẹnu iṣẹ́ padà.
Ewé ìpín ló máa ń ní ká fi parí rẹ̀.
Ó ní sánpépà ń jẹ igi, ìpín ń lá a.
N kò mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ni.
Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọ̀fẹ́ ni ìpín lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù,
Ìjẹ̀bú sì ni ọ̀gá mi.

Nígbà ọyẹ́ ni Ìyá Efúnbọ̀wálé dé,
ọ̀bẹ tó fi ń bẹ ẹ̀gẹ́ nínú àkísà.
Awẹ́ ọ̀tún ti jábọ́ sínú omi ẹ̀gẹ́, ó ti bá a lọ.
Tòsì ṣì wà, ó dúdú bí ìdí ìkòkò,
kòtò kékeré kan láàárín rẹ̀
níbi tí àtàǹpàkò rẹ̀ ti ń sinmi
láti ìgbà tí àkọ́bí rẹ̀ wà lẹ́nu ọmú.
"Ẹ bá mi wá ẹnìkejì rẹ̀."

Agolo mílíìkì kan wà lábẹ́ tábìlì wa,
ó kún fún àwọn awẹ́ tí ìkejì wọn là mọ́ mi lọ́wọ́.
Mo dà á sílẹ̀. Kò sí èyí tó bá a mu.
Mo bá gbé osùn mi kàn án, tuntun, méjèèjì,
ìṣó bàbà mẹ́ta, mo fi àdín pa á.
Bẹ́ ẹ yí i síwájú, bẹ́ ẹ yí i sẹ́yìn,
ẹ kò ní mọ èwo ni tòsì.
Ọ̀gá mi dì í mú, ó di ojú, ó dákẹ́.
Kò dákẹ́ bẹ́ẹ̀ rí.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ tán tí ìyá náà fi padà.
"Ó rẹwà," ló wí. "Kò mọ̀ mí."

Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín, ó lọ jókòó síta.
Mo ní kó bẹ ẹ̀gẹ́ kan níwájú mi.
Mo wo àtàǹpàkò yẹn bó ṣe ń wá ilé,
tó ń yọ̀,
tó tún ń wá a.
Mo fi pẹ́ńsù sàmì síbẹ̀.
Mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìpín ba iṣẹ́ ara mi jẹ́,
awẹ́ òsì nìkan, díẹ̀díẹ̀,
títí kòtò fi là gba àárín ìlà tó gún régé,
títí ìbejì mi kò fi jọra mọ́.

Ó gbà á. Ó bẹ ẹ̀gẹ́ kejì.
Èèpo rẹ̀ jábọ́ ní odindi, kò já.
Kò dúpẹ́. Ó ní owó tó kù di ọjọ́ ọjà,
ó fi àkísà wé ọ̀bẹ rẹ̀, ó lọ.

Awẹ́ àtijọ́ yẹn wà nínú agolo.
Bí iná bá lọ, tí ilé ìlagi dákẹ́,
mo máa ń mú un jáde, n óò di ojú,
n óò ti àtàǹpàkò mi bọ kòtò náà.
Kò kún un.