Omi Àjà Karùn-ún

Ọdún mọ́kànlá ni Hermine fi gbé omi gòkè
ní ilé iṣẹ́ wa ní Fíẹ́nà.
Omi inú ike, méjìlá nínú ọ̀rá kan,
ọ̀rá mẹ́fà lórí kẹ̀kẹ́ ẹrù,
kẹ̀kẹ́ wọ ẹ̀rọ agbéniròkè,
ó di àjà karùn-ún, níbi tí àwọn ọ̀gá ti ń jókòó
sọ̀rọ̀ lórí bí ayé ṣe ń gbóná.

Èmi ni mo ń fọ gíláàsì wọn.
Mo mọ ètè pupa, mo mọ ẹni tí kì í mu tán.
Mo mọ ike tí wọ́n ṣí, tí wọ́n fẹnu kàn lẹ́ẹ̀kan péré,
tí wọ́n pa tì bí ọmọ tí ò ní bàbá.
Lálẹ́ a ó kó wọn sínú àpò dúdú,
àpò á máa kùn
bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù Èrèlé,
ẹ̀rọ agbéniròkè daṣẹ́ sílẹ̀.
Hermine wo àtẹ̀gùn. Ó wo orúnkún rẹ̀,
orúnkún òsì tí a gbọ́dọ̀ bẹ̀ kó tó ká.
Mo ní, "Ẹ̀rọ omi kúkú wà lókè níbẹ̀, lẹ́yìn ilẹ̀kùn."
Ó wò mí bí ẹni tí mo ní kó jalè.

Ẹ jẹ́ n sọ ti omi yẹn fún yín.
Orí òkè ni wọ́n bí i sí, níbi tí yìnyín ń sùn,
inú òkúta ló ti kọ́ ìrìn.
Ọjọ́ kan àtààbọ̀ ló fi ń bọ̀ lábẹ́ ilẹ̀.
Kò wọkọ̀, kò mu epo,
ẹnikẹ́ni ò tì í lẹ́yìn,
ìsàlẹ̀ ló ń wò tó fi ń bọ̀
bí àlejò tó mọ ilé.
Fọwọ́ kàn án: ó tutù bí imú ajá.
Ti inú ike ńkọ́?
Ààlà méjì ló kọjá lórí ọkọ̀ ńlá,
èéfín ló fi jẹun lọ́nà,
ó dé tán, ó di ọmọ ọlá.

Jọ́ọ̀gì mẹ́rin la pọn.
Wọ́n wọlé, wọ́n tú ìwé, wọ́n mu.
Ọ̀gá Zwettler, tí kì í kí ènìyàn,
gbé gíláàsì sókè, ó wò ó lójú iná,
ó ní, "Omi tòní mà dára o. Ta ló ṣe é?"

Mo ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu, mo gbé e mì,
torí owó ilé ń bọ̀ lọ́jọ́ kìíní oṣù.
Hermine ló dáhùn:
"Òkè Schneeberg ni, ọ̀gá. Ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́."
"Ẹ bá wa rà á sí i."
"Ẹ ti ń sanwó ẹ̀. Ẹ̀rọ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yẹn ni."

Ẹnìkan fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó há a lọ́fun.
Wọn ò lé wa. Wọn ò sì dúpẹ́.
Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ìwé kan jáde lórí bébà dídán:
àwọn ọ̀gá ti ronú jinlẹ̀, kò sí omi inú ike mọ́.
Mo wá orúkọ Hermine níbẹ̀ títí dé ẹ̀yìn ìwé.

Kí n má purọ́, ike mẹ́fà ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tèmi.
Nílùú tí wọ́n bí mi sí, ní Sérbíà,
omi ẹ̀rọ pọ́n bí tíì,
ìyá mi kì í jẹ́ ká fi fọnu.
Ẹ̀rù ìgbà èwe kì í tètè jáde lára.
Ṣùgbọ́n lóru àná, ọ̀fun mi gbẹ,
mi ò bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.
Mo táràrà lọ sí ilé ìdáná nínú òkùnkùn,
mo ṣí ẹ̀rọ, mo tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì,
òkè náà sì rọra wọlé.