Lẹ́yìn Fíìmù ní Alékúwodò, Òṣogbo

Iná gbọ̀ngàn tàn, kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́.
Sàúbánà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, gúgúrú kún ẹnu rẹ̀:
"Akọni wo nìyẹn, tí kì í rẹ́rìn-ín?
Òkùnkùn ṣáá! Mo rò pé Nẹ́pà ti mú iná lọ."

A bú sẹ́rìn-ín. Mọ́rẹ́nikẹ́ ò dá sí i.
Ó fa ìwé aláwòrán yọ nínú báàgì,
ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, téèpù ló dì í mú:
"Nínú ìwé, ó gba ọmọ náà là."
Ó ń fìka tẹ ojú ewé náà
bí ẹni tó ń bá alágbàfọ̀ jà
pé aṣọ tí òun kó wá kọ́ nìyí.

Bàbá aṣọ́nà ń to àga léra.
"Ibi tó ti bọ́ ìbòjú, tó jókòó ti òkú,
ariwo lẹ̀ ń pa. Èmi máa ń jáde níbẹ̀."
Kò sọ ìdí. A ò bi í.

Òjò bẹ̀rẹ̀ lọ́nà Òkè-Fìà.
Sàúbánà bọ́ ẹ̀wù, ó fi bo ìwé Mọ́rẹ́nikẹ́,
ó ń sáré, ó ń bú fíìmù náà lọ.