Àga Kẹtàdínlógójì

Wọ́n ní pápá Kòntàgórà ò yẹ fún bọ́ọ̀lù mọ́,
ni ẹgbẹ́ wa bá ń gbàlejò nílé onílé,
ní Lọ́kọ́ja, ìrìn ọjọ́ kan gbáko.
Owó ọkọ̀ dà?

Mo gba ibi tí ọgbà ti ya wọlé.
Rédíò Múdà ọlọ́dẹ wà lórí itan mi.
Mo jókòó sórí àga kẹtàdínlógójì
tí ìṣó rẹ̀ fa ṣòkòtò mẹ́ta ya mọ́ bàbá mi nídìí.
Ìṣó náà ṣì wà. Ó mọ ìdílé wa.

Òrùlé bá ìjì lọ lọ́dún tí mo gbéyàwó.
Kọmíṣọ́nnà mẹ́rin ló ti wá wò ó láti ìgbà náà;
wọ́n ya fọ́tò, wọ́n gbọn eruku bàtà, ó tán.
Ewúrẹ́ méjì ń jẹko lẹ́nu ilé góòlù,
ọyẹ́ ń bu iyanrìn sí wa lójú.

Pátákó tí ń ka góòlù kú sórí òdo sí mẹ́ta
ní Sátidé kan tí iná lọ tí ò padà.
Ọdún mọ́kànlá rèé tí wọ́n ti ń nà wá
láì gbá bọ́ọ̀lù.

“Góòlù!” Tiwa ni!
Mo fò sókè, ìṣó di ṣòkòtò mi mú.
Múdà ń fi Haúsá rẹ́rìn-ín,
ó gun àkàbà tó ku ẹsẹ̀ kan ààbọ̀,
ó fi ẹfun kọ ení sórí òdo wa.

Mo pariwo.
Ògiri òdìkejì nìkan ló dáhùn,
ó sì pẹ́ kó tó dáhùn,
bí arúgbó tí a jí lójú oorun.