Àmù Ń Làágùn

Oṣù Ẹrẹ́nà ni, oòrùn Ìlọrin ń yan wá bí àgbàdo,
páànù orí ilé wa ní Òkèlele ń ta pàpà.
Bọ́ọ̀lù wà lẹ́sẹ̀ mi, ó ku èmi àti gólì,
àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú ti pé, ọ̀mì la ṣì wà.
Kọ̀ǹpútà mi bú bí ẹ̀rọ ìlọta,
ó pariwo, ó pariwo,
ó kú.
Kì í ṣe iná ló lọ. Gílóòbù ṣì ń wò mí.

Mo gbọ́wọ́ lé e lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo yára gbé e kúrò:
ara rẹ̀ gbóná ju ti ọmọ tí ibà ń ṣe.
Fáànù kékeré tó bá a wá
kò tóbi ju ọmọrí ìkòkò ọbẹ̀ lọ,
eruku sì ti hun aṣọ sí i lára.
Ọyẹ́ ti lọ láti oṣù kejì,
ó gbàgbé ẹrù rẹ̀ síbẹ̀.

Búsàrì, ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lójú ọ̀nà Táíwò,
gbé méjì kalẹ̀ síwájú mi.
Olómi nìyí: rọ́bà dúdú méjì, páńpù kan,
iná aláwọ̀ mẹ́ta tó ń ṣẹ́jú sí èèyàn,
ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́fà náírà, "nítorí pé ìwọ ni."
Ekejì, irin gàgàrà kan,
ewé irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tò léra bí ojú ìwé,
páìpù bàbà mẹ́fà gún un nínú,
fáànù gbàǹgbà kan níwájú.
Kò tàn. Kò rẹ́rìn-ín. Ẹgbẹ̀rún márùndínláàádọ́ta.

Olómi ni ọkàn mi fẹ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n purọ́.
Mo ti ń wo bí Wàídì yóò ṣe yanu
lọ́jọ́ tó bá wọ yàrá mi.
Mo ní: tí páńpù bá kú ńkọ́?
Búsàrì ní kì í kú.
Tí rọ́bà bá jò sórí bọ́ọ̀dù ńkọ́?
Ó ní kì í jò.
Ọjà tí kì í kú, tí kì í jò,
kí ló dé tó fi jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan péré
lo lè dúró fún un?

Ìyá mi àgbà ń mọ ìkòkò lẹ́yìnkùlé,
amọ̀ ti pọ́n ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá.
Mo ṣàlàyé: ẹ̀rọ yìí ń ronú ni, Ìyá,
ìrònú ló ń mú un gbóná.
Ó ní, "Bíi tèmi."
Kò béèrè omi, kò béèrè fáànù.
Ó ní, "Ibo ni ooru rẹ̀ ń gbà jáde?"

Ó nàka sí àmù lábẹ́ igi máńgòrò:
"Ta ní ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí eléyìí?
Ara rẹ̀ ní ihò tí ojú kò rí.
Ó ń làágùn, atẹ́gùn ń gbé òógùn lọ,
èyí tó kù nínú a sì tutù.
Fi ọ̀dà kùn ún kó máa dán lójú àlejò,
omi ibẹ̀ á lọ́ wọ́ọ́rọ́."

Mo wọ yàrá, mo wo àpótí kọ̀ǹpútà mi:
gíláàsì bo iwájú rẹ̀ pátápátá,
ẹ̀yìn rẹ̀ fara ti ògiri,
kọ́tìnì tún wá bò ó lórí.
Háà.
Èmi gan-an ni mo kun àmù mi lọ́dà.

Mo tú gíláàsì. Mo fà á kúrò lára ògiri.
Mo fi rúlà wọn inú rẹ̀:
sẹ̀ǹtímítà mẹ́tàdínlógún; irin gàgàrà, mẹ́rìndínlógún.
Ìbú ìka kan ló gbà mí sílẹ̀.
Mo tọ́ ìpara eérú sójú ọpọlọ rẹ̀, ìwọ̀n ẹyọ ẹ̀wà kan.
Ìyá ní ó kéré. Mo ní ó tó, Ìyá.

Iná dé lẹ́yìn ìrun Íṣáì.
Méjìdínlọ́gọ́rùn-ún tó máa ń kà tẹ́lẹ̀
dúró sí mọ́kànléláàádọ́rin,
fáànù ń mí bí ẹni tó sùn lórí ẹní.
Àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú tún pé. Ó ku èmi àti gólì.
Mo gbá a.
Ó lu òpó.
Kò sí ooru tí mo lè dá lẹ́bi mọ́.