Láti Àga Ọ̀tún

Lẹ́yìn Kúbúwà, níbi tí ọ̀dà ti tán
tí erùpẹ̀ pupa gba ọ̀nà,
mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ọkọ̀ wíwà
nínú Kòrólà àtijọ́ kan tó ní bíréèkì méjì:
ọ̀kan lábẹ́ ẹsẹ̀ tiwọn, ọ̀kan lábẹ́ tèmi.
Lẹ́tà L pupa wà níwájú rẹ̀, ó wà lẹ́yìn,
eruku ọyẹ́ ti bo méjèèjì.

Mo bi Mopélọ́lá pé, "Fóònù ńkọ́?"
Ó ní, "Ọ̀gá, itan ni mo máa ń gbé e sí.
Àtàǹpàkò mi mojú gbogbo lẹ́tà,
n kò ní láti wò ó."
Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún.
Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé òun mọ odò wẹ̀.

Yohánà ní tòun, iná pupa lòun ń dúró dè:
ọkọ̀ ti dúró, ta ni fóònù fẹ́ pa?
Talátù ní rárá o, kò dára, òfin ò gbà á.
Ó ń wí i,
ojú rẹ̀ wà lára fóònù.

Wọ́n mọ̀ ọ́n. Kò sí èyí tí kò mọ̀ ọ́n nínú wọn.
Ohun tó ṣòro
ni kí nǹkan ọ̀hún dún nínú àpò
kí ọwọ́ má lọ.
Wọ́n ní ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí;
alákàn ò tíì ra dátà.

Mo gba sítíárì lọ́jọ́ kan lọ́nà Súbà,
mo ní kí Mopélọ́lá dijú.
Ení. Èjì. Ẹ̀ta.
"Kí lo pàdánù?"
"Kò sí nǹkan."
Mo ní òpó iná mẹ́ta,
màlúù kan tó ń rò ó bóyá kóun sọdá,
ọmọdékùnrin olómi ọ̀rá
tí náírà rẹ̀ bọ́ sórí títì, tó sì ń bẹ̀rẹ̀ mú un.
Ó rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá, ẹ fẹ́ràn àsọdùn."

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, nítòsí Dútsè,
fóònù tó dún, tèmi ni.
Ìyàwó mi ni, láti Ọ̀fà. Mo gbé e.
Owó ilé-ìwé, òrùlé tó ń jò,
ẹsẹ̀ mi ti kúrò lórí bíréèkì kejì,
n kò mọ̀.

Mopélọ́lá tan iná atọ́ka.
Ó wo dígí.
Ó rọra yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó pa ẹ́ńjìnnì,
ó ká ọwọ́ lé itan tí kò sí fóònù lórí ẹ̀.
"Ẹ parí ọ̀rọ̀ yín, sà. A ò kánjú."
Nínú báàgì rẹ̀ lẹ́yìn, tirẹ̀ ń gbọ̀n,
ó dákẹ́, ó tún ń gbọ̀n.
Kò yíjú.

Títí di òní n kò tíì fún un ní máàkì.
Ìwé tí wọ́n fún wa ní àyè fún kọ́nà,
ó ní àyè fún rìfáàsì.
N kò rí ibi tí mo lè kọ èyí sí.