Èyí Tí O Lè Gbé Dìde

Duitama, òtútù òwúrọ̀. Ìkúùkù
jókòó sórí òrùlé bí ẹni tó wá sin gbèsè.
Nohora kò wo méjì: pupa ńlá yẹn,
tó ń dán bí ojú ológbò lóru.
Ó gùn ún. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wá ilẹ̀, kò kàn án.

Bàbá rẹ̀ rọra tẹ́ alùpùpù náà sórí páálí.
Don Evelio, ọlọ́jà, di orí mú.
“Ó ti ṣubú. Ilẹ̀ ti ṣú. Èmi kò sí níbẹ̀.
Gbé e.”

Ó gbé e títí etí rẹ̀ fi pọ́n;
pupa sùn gbọnrangandan bíi màlúù olóríkunkun.

Kékeré tí táǹkì rẹ̀ ti bó
dìde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo,
ó da epo sí i ní bàtà.
Nohora wo bàtà.
“Èló lẹ ń tà á?”